Ohun Tí Imí Ìnàkí Kọ́ Mi Nípa Bí Fáírọ́ọ̀sì Ṣe Ń Rìn

Ìdí igi ni iṣẹ́ wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìnàkí, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní chimpanzee, a máa tẹ́ ìtẹ́ sórí igi ní ìrọ̀lẹ́, ewé àti ẹ̀ka tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn kì í sì í sábà padà sí ìtẹ́ àná. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọn a tọ̀, wọn a yàgbẹ́ láti orí ìtẹ́, wọn a sì bá tiwọn lọ. Àwa tí à ń wá fáírọ́ọ̀sì a dé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú abẹ́ ewé wò.

Inú igbó gúúsù ìlà-oòrùn Kamẹrúùnù ni mo ti bá ẹgbẹ́ olùwádìí ṣiṣẹ́, níbi tí ìnàkí àti gorílà ti jọ ń gbé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n tẹ̀lé àwọn tó mọ igbó, kí n kó imí, kí n kọ ibi tí a ti rí i sílẹ̀, kí n sì rí i pé ó dé láàbù láìbàjẹ́. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé rírí fáírọ́ọ̀sì rọrùn ju mímọ bó ṣe ń rìn lọ, èyí tó ṣòro yìí gan-an ló sì ń gba ẹ̀mí là.

Kí ló dé tó fi jẹ́ imí? Ìnàkí inú igbó kì í dúró kí ènìyàn fa ẹ̀jẹ̀ lára òun. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní láti fi ìbọn abẹ́rẹ́ yìn ín kó lè sùn, ó sì lè ti orí igi jábọ́ kó kú. Ẹranko tí iye rẹ̀ ń dín kù lójoojúmọ́ kò yẹ fún irú ewu bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní ìgbèkùn ni a ti ń mọ ohun tó wà lára ìnàkí: ọmọ òrukàn tí ọdẹ pa ìyá wọn, àti àwọn tí wọ́n ń sìn fún àyẹ̀wò. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni irú wọn lè sọ fún wa nípa igbó. Ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ fi hàn ní Gombe, ní Tàǹsáníà, pé a lè rí SIV, ìbátan HIV, nínú imí àti ìtọ̀ ìnàkí igbó láìfọwọ́ kan ẹranko náà rárá. Ní 2006, imí tó tó nǹkan bíi 600 tí wọ́n ti kó káàkiri igbó Kamẹrúùnù ni wọ́n fi tọ orísun HIV-1 dé ilẹ̀ tí mo wá ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ yìí.

Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ Baka, ẹ̀yà tó ń gbé inú igbó yẹn, ló ń ṣíwájú wa. Kó tó sọ ohunkóhun, á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wo imí náà bóyá yímíyímí ti dé ibẹ̀. Bí yímíyímí bá ti gbẹ́ ẹ wọlẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ti ń gbẹ, á mi orí, á kọjá. Bó bá ṣì ń dán, tí eṣinṣin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bà lé e, á dúró.

"Bàbá, ṣé ti òní ni?"

"Ti òní ni. Ìyá ọlọ́mọ ló sùn sókè yẹn. Wo ìtẹ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó ti já lẹ́nu ọmú ló wà níbẹ̀. Tọ́mọ ni èyí tó wà lápá ọ̀hún, má pa wọ́n pọ̀."

Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ẹrù wa tó lè sọ gbólóhùn yẹn fún mi. A mọ̀ láti Gombe pé ìnàkí ń kó SIV nípa ìbálòpọ̀, àti pé ìyá lè kó o ran ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, bí láàbù bá rí i nínú imí ìyá tí kò sì rí i nínú ti ọmọ, ìmọ̀ ńlá nìyẹn. Bí a bá da imí méjèèjì pọ̀ sínú ìgò kan, ìmọ̀ yẹn ti ṣègbé.

Bí a ṣe ń kó o rèé. Ìbọ̀wọ́ tuntun fún imí kọ̀ọ̀kan, ìbòmú lójú. A ó fi igi pẹlẹbẹ bu díẹ̀ láti apá òkè, níbi tí kò ti kan ilẹ̀, a ó sì rọ ọ́ sínú ìgò oníke tí omi oníyọ̀ kan wà nínú rẹ̀. Omi yìí kì í jẹ́ kí RNA, ohun tí jíìnì fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, fọ́ nínú ooru, bí a ò tilẹ̀ rí fìríìjì fún ọjọ́ mélòó kan. A ó mì ín dáadáa títí á fi dà bí ẹ̀kọ tútù, nítorí ibi tí omi yẹn kò bá dé á bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni a ó kọ ọjọ́, wákàtí, nọ́ńbà GPS, iye ìtẹ́ tó wà lókè, àti bí ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí èkejì tó. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i lóru, ẹ fi sílẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ń kó o bẹ́ẹ̀ kí iye wọn lè pọ̀. Láàbù kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí fáírọ́ọ̀sì, nígbà tó jẹ́ pé òjò ló fọ̀ ọ́ lọ.

Ní láàbù, DNA ẹranko tó wà nínú imí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, kí wọ́n lè mọ ẹranko tó ni ín, ẹ̀yà rẹ̀, bóyá akọ ni tàbí abo, àti bóyá ẹni àná ló tún yàgbẹ́ lónìí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa ń wá àwọn èròjà tí ara fi ń bá àrùn jà, tí wọ́n bá imí jáde. Níkẹyìn ni wọ́n ń wá àjákù jíìnì fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Bàbá lè fi ojú mọ imí gorílà yàtọ̀ sí ti ìnàkí: ti gorílà a máa pín sí ìṣù mẹ́ta tó lẹ̀ mọ́ra, okùn ewé ló sì ń kún inú rẹ̀, ti ìnàkí a máa gùn, hóró èso a sì pọ̀ nínú rẹ̀ lásìkò èso. Síbẹ̀ DNA ni ẹlẹ́rìí tó kẹ́yìn. Ọ̀nà imí yìí náà ni wọ́n gbà rí i ní 2006 pé gorílà igbó ní SIV tirẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ṣáájú.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́, ìròyìn tí mo máa ń retí ni kí láàbù sọ pé ó wà níbẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìbéèrè mìíràn gba ọkàn mi. Ó wà níbẹ̀, ó dáa. Báwo ló ṣe débẹ̀? Ta ló fún ta? Kí ni wọ́n jọ ń ṣe tí ó fi kọjá?

Ẹ wo SIV ìnàkí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tú jíìnì rẹ̀ palẹ̀, wọ́n rí i pé fáírọ́ọ̀sì ọ̀bọ ló para pọ̀ di ọ̀kan: apá kan jọ ti ọ̀bọ mangabey olórí pupa, apá kejì jọ ti àwọn ọ̀bọ kékeré ìdílé Cercopithecus, irú èyí tó ní àmì funfun nímú. Ìnàkí ń ṣọdẹ ọ̀bọ. Wọn a lé e láti orí igi dé orí igi, wọn a fà á ya, wọn a sì pín ẹran rẹ̀ jẹ ní tútù. Ẹ̀jẹ̀ a kan ẹnu, a kan ojú ọgbẹ́. Ibi oúnjẹ ni fáírọ́ọ̀sì méjèèjì ti bá ìnàkí pàdé, ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti di ọ̀kan. Kí ọdẹ tó jẹ́ ènìyàn tó kó o, ọdẹ tó jẹ́ ìnàkí ti kó o.

Ọ̀nà kan náà ló gbà kan ènìyàn. Ẹni tó ń kun ẹran, tí ọ̀bẹ yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ẹran wọ inú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Kò sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. HIV-1 pín sí ìran mẹ́rin, M, N, O àti P, ìran kọ̀ọ̀kan sì ní ìkọjá tirẹ̀ láti ara ẹranko. M àti N ti ọ̀dọ̀ ìnàkí wá. O àti P, ọ̀dọ̀ gorílà ni àwọn onímọ̀ tọpa wọn dé. Ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n tíì rí N àti P lára wọn. Ìran O mọ sí agbègbè Kamẹrúùnù àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká. M nìkan ló yí ayé ká.

Mo ti ronú lórí èyí púpọ̀ bí mo ti ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú igbó yẹn. Ìnàkí tó ní fáírọ́ọ̀sì tó jọ ti M jù lọ, ìtòsí ibi tí a pàgọ́ sí ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni àjàkálẹ̀ ti gbèrú. Kinshasa ni, ìlú tó jìnnà gan-an sí igbó náà, tí odò sì so wọ́n pọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n rí HIV nínú rẹ̀ láti 1959, àti ẹran ara ènìyàn tí wọ́n tọ́jú láti 1960. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín jíìnì fáírọ́ọ̀sì méjèèjì yìí pọ̀ débi pé ó dájú pé fáírọ́ọ̀sì náà ti ń rìn láàárín ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ìgbà yẹn, ọkọ̀ ojú omi àti ojú irin ń kó ènìyàn lọ sí ìlú tó ń dàgbà kíákíá. Ẹni tó bá ń wá ohun tó sọ M di àjàkálẹ̀ nínú ara ìnàkí nìkan kò ní rí i. Ó wà ní ojú odò, ní ojú irin, àti nínú bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé ní ìlú ńlá.

Ara ẹranko náà sì tún ní tirẹ̀ láti sọ. Ọ̀bọ sooty mangabey ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní SIV tó jẹ́ orísun HIV-2, síbẹ̀ kì í sábà ṣàìsàn nítorí rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún a rò pé bákan náà ni ti ìnàkí. Ní 2009 ni ìwádìí Gombe fi hàn pé ewu ikú ìnàkí tó bá ní SIV jẹ́ ìlọ́po 10 sí 16 ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní in. Ọ̀kan lára ohun tó dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ìyá ọlọ́mọ tí a ń kó imí rẹ̀ lè máa ṣàìsàn lọ díẹ̀díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Fáírọ́ọ̀sì mìíràn wà tí ìrìn tirẹ̀ kọ́ mi lọ́nà ọ̀tọ̀: simian foamy virus, tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọ̀bọ àti ìnàkí ní. Inú itọ́ ló ń gbé. Ní 2004, wọ́n tẹ àyẹ̀wò àwọn ènìyàn 1,099 tó ń gbé ní abúlé Kamẹrúùnù jáde, àwọn tó máa ń fara kan ẹran igbó. Àmì rẹ̀ wà lára 10 nínú wọn. Láti ara ọ̀bọ De Brazza ni ẹnì kan ti kó o, ẹlòmíràn láti ara mandrill, ẹlòmíràn láti ara gorílà. Kò sí àìsàn tí a mọ̀ mọ́ ọn lára ènìyàn títí di òní, a kò sì tíì rí i kí ẹnì kan kó o ran ẹnì kejì. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ìkọjá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, láìsí ariwo. Ó ń parí sára ẹni tí ẹran bù jẹ ni. Nígbà tí mo mọ èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ọdẹ léèrè lọ́wọ́ wọn, lẹ́sẹ̀ wọn, níbi tí eyín ti bù wọ́n. Wọn a fi àpá hàn mí, wọn a sì sọ ẹranko tó ṣe é àti irú ọjọ́ tó jẹ́. Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tó kún fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ó níye lórí lójú mi tó àwọn ìgò wa.

Ti Ébólà yára, ó sì ń sọ ara rẹ̀ di mímọ̀. Ní Mayibout, ní Gàbọ̀n, ní 1996, òkú ìnàkí tí wọ́n rí nínú igbó ni wọ́n gbé wálé, wọ́n kun ún, wọ́n jẹ ẹ́. Ènìyàn 21 ló kú nínú àjàkálẹ̀ yẹn. Ní igbó Taï, ní Côte d'Ivoire, ní 1994, onímọ̀ kan tó ṣí òkú ìnàkí wò láti mọ ohun tó pa á kó àrùn náà, wọ́n gbé e lọ sí Switzerland, ó sì yè é. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ìnàkí yẹn fi hàn pé àwọn tó jẹ ẹran ẹdun pupa ni ewu wọn pọ̀ jù. Ní Lossi, ní Kóńgò, ní 2002 sí 2003, wọ́n fojú bù ú pé gorílà tó Ébólà pa tó 5,000. Ẹni tó bá ti rìn nínú igbó tó yẹ kí gorílà wà, tí kò sì gbọ́ ohùn ẹyọ kan, yóò mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí.

Ìdí nìyí tí òkú ẹranko fi ní òfin tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá rí i kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò gbọdọ̀ fi igi yí i padà. Á dúró sí òkè ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, á kọ ibẹ̀ sílẹ̀, á pe àgọ́. Àwọn tí wọ́n kọ́ nìkan ló ń lọ síbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó bo gbogbo ara, ìbọ̀wọ́ méjì méjì àti ohun ìbòjú.

Ti ẹ̀fọn, díẹ̀ ni n ó sọ, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ mi gan-an. Ní Bwamba, ní Ùgáńdà, àwọn onímọ̀ kọ́ pèpéle sórí igi gíga kí wọ́n lè mọ ẹ̀fọn tó ń jẹ ọ̀bọ lókè àti èyí tó ń jẹ ènìyàn nísàlẹ̀. Wọ́n rí i pé ibà pọ́njú ń yí po láàárín ọ̀bọ lókè igi, títí ọ̀bọ yóò fi sọ̀ kalẹ̀ wọ inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀fọn oko á jẹ ẹ́, ẹ̀fọn yẹn á sì jẹ àgbẹ̀. Irú ìwádìí ibà pọ́njú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nínú igbó Zika ní 1947 nígbà tí wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì Zika lára ọ̀bọ tí wọ́n fi sórí pèpéle. Ní Bràsíl, láàárín 2016 sí 2018, ọ̀bọ howler ló kọ́kọ́ ń kú kí ibà pọ́njú tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọ̀bọ nítorí ìbẹ̀rù. Ẹranko tó ń fi ikú tirẹ̀ kìlọ̀ fún wọn ni wọ́n ń pa.

Ohun tó yí ojú tí mo fi ń wo iṣẹ́ yìí padà jù lọ ni pé ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì gbà wá bá wa, ó ń gba ibẹ̀ lọ bá wọn. Ní Gombe, ní 1966, àrùn tó jọ rọpárọsẹ̀ ba àwọn ìnàkí jà lásìkò tí rọpárọsẹ̀ wà láàárín àwọn ènìyàn agbègbè náà. Ní Taï, ní 1999, 2004 àti 2006, ikọ́ ja láàárín ìnàkí tí àwọn olùwádìí ti sọ di ojúlùmọ̀. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó kú jẹ́ irú èyí tó ń mú ọmọdé ènìyàn wúkọ́. Ní Kanyawara, nínú igbó Kibale ní Ùgáńdà, ní 2013, ìnàkí 56 ló wà nínú ẹgbẹ́ kan, 5 nínú wọn kú. Ohun tó pa wọ́n ni rhinovirus C. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀fìnkìn ni. A nu imú, a bá iṣẹ́ lọ.

Àwọn olùwádìí Taï yẹn kan náà sì rí i pé ibi tí àwọn olùwádìí ń lọ bọ̀ ni ọdẹ tó ń pa ẹran lọ́nà àìtọ́ kì í sábà dé. Nítorí náà n kò gbà pé kí gbogbo wa kó ẹrù wa kúrò nínú igbó. Ohun tí mo gbà ni kí òfin le. Ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé gbọ́dọ̀ dúró ní àgọ́ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó wọlé tọ ẹranko. Ìbòmú lójú nígbà gbogbo, mítà 7 ó kéré tán láàárín àwa àti wọn, kódà bí wọ́n bá ń bọ̀ wá bá wa, àwa ni a ó sún sẹ́yìn. A kì í tutọ́ sílẹ̀, a kì í jẹun nítòsí wọn, bàtà igbó kì í sì í jáde ní àgọ́. Mo ti rí i tí ọ̀rẹ́ mi kan, tó ti dúró fún ọdún kan kí àyè tó ṣí sílẹ̀ fún un, sín lẹ́ẹ̀mejì ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ àpò ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì padà sí yàrá. Mo bọ̀wọ̀ fún un títí dòní.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, n ó sọ ibi tí ọkàn mi wà. Owó tó ń wọ iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀rọ tó ń ka jíìnì ni púpọ̀ rẹ̀ ń lọ, ẹ̀rọ yẹn sì dára. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣíwájú wa nínú igbó, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń gbà, bí òjò bá sì dá iṣẹ́ dúró, owó náà dúró. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń rí òkú ẹranko. Àwọn ni wọ́n mọ ìnàkí tó ti ń wúkọ́ láti ìjẹta. Àwọn náà ni wọ́n ń padà sílé sọ́dọ̀ ọmọ kéékèèké, tí wọ́n sì ń padà wá bá ìnàkí ní ọjọ́ kejì, tó fi jẹ́ pé ìlera ilé wọn ni ìlera ẹranko tí a ń ṣọ́. Bí wọ́n bá fi ìṣúná ọdún kan lé mi lọ́wọ́, owó oṣù tí kì í dá dúró nígbà òjò ni n ó kọ́kọ́ san fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi àti rọpárọsẹ̀ fún gbogbo ọmọ abúlé tó wà létí igbó, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ibẹ̀, àti rédíò alátagbà tí wọ́n lè fi pe àgọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí òkú ẹranko, kí òórùn rẹ̀ tó pe ẹlòmíràn wá síbẹ̀.